Àpá Méjì Lára Kóòtù Dírẹ́bà

Kóòtù ológun kan wà tó máa ń gbé lórí ìṣó lẹ́yìn ilẹ̀kùn yàrá àwọn arúgbó méjì kan. Nígbà tí wọ́n rán an, àwọ̀ rẹ̀ dà bí ewé tútù. Oòrùn ti lá a títí ó fi dà bí ewé tó ti já bọ́ tipẹ́. Ṣùgbọ́n ní àyà òsì, àpá méjì wà níbẹ̀ tí oòrùn ò fojú kàn rí, tí wọ́n ṣì tutù yọ̀yọ̀ bí ọjọ́ tí aṣọ kúrò lórí máṣíìnì. Ibẹ̀ ni mẹ́dàlì méjì ti jókòó sí láti ìgbà tí irun orí ẹni tó ni kóòtù ti dúdú kirikiri. Ní báyìí, mẹ́dàlì kan ṣoṣo ló kù láyà aṣọ náà. Méjì yòókù wà nínú agolo mílíìkì, láàárín bọ́tìnnì àti abẹ́rẹ́ tó ti dípẹtà.

Ìyàwó ilé ló rán kóòtù náà. Télọ̀ ni. Òun ti fẹ̀yìn tì, máṣíìnì rẹ̀ ni ò tíì gbà láti fẹ̀yìn tì. Ọkọ rẹ̀ ń pè é ní Ọ̀gágun, torí ó ní láti ọjọ́ tí òun ti kúrò lẹ́nu iṣẹ́ ológun, òun ò tíì rí ẹni tó mọ àṣẹ ẹ́ pa tó o. Òun náà ń pe ọkọ rẹ̀ ní Dírẹ́bà, torí iṣẹ́ tó fi gbogbo ayé rẹ̀ ṣe nìyẹn: ó wa lọ́rì ológun láti kékeré títí eyín ẹnu rẹ̀ fi bẹ̀rẹ̀ sí í mì. Gbogbo àdúgbò ló bá wọn pe orúkọ méjèèjì.

Lọ́dọọdún, bí ọjọ́ tí àwọn ológun àtijọ́ máa ń yan níwájú bárékè bá ti ń sún mọ́lé, Ọ̀gágun á gbé áyọ́ọ̀nù kaná, á da aṣọ tútù lé kóòtù náà láyà, á sì tẹ̀ ẹ́ títí ìlà rẹ̀ á fi mú bí abẹ. Dírẹ́bà á máa rìn lọ rìn bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀ bí adìyẹ tó fẹ́ yé.

"Rọra o. Má jó mi láyà."

"Àyà wo lẹ ní? Àyà kóòtù ni mo ń tẹ̀."

Lọ́dún tí mò ń sọ yìí, áyọ́ọ̀nù gbóná, Dírẹ́bà ò dìde.

"Gbé e kalẹ̀," ó ní. "Mi ò lọ."

"Ara yín ò yá ni?"

"Ara mi le. Ẹsẹ̀ ni ò fẹ́."

"Ẹsẹ̀ tó gbé yín dé ìdí ìkòkò ọbẹ̀ mi láàárọ̀ yìí, tí mo kàn yíjú báyìí, tí ẹran ti dín kù?"

Kò dá a lóhùn. Ìyẹn ló kó Ọ̀gágun láyà sókè, torí ọkùnrin yẹn kì í jẹ́ kí ọ̀rọ̀ ìyàwó rẹ̀ balẹ̀ kó tó fèsì. Obìnrin náà na ọwọ́ mú kóòtù lórí ìṣó, ó yí i síwájú, ó sì rí àpá méjì náà. Ó jókòó sí etí bẹ́ẹ̀dì.

"Dírẹ́bà, ta ló bọ́ wọn?"

"Èmi."

Díẹ̀díẹ̀ ló fa ọ̀rọ̀ náà jáde lẹ́nu rẹ̀, bí ẹni ń tú òwú tó lọ́ mọ́ra. Lọ́dún tó kọjá ni, nígbà tí òun Ọ̀gágun lọ bá ọmọ wọn obìnrin tọ́jú ọmọ tuntun. Dírẹ́bà dá nìkan wọ kóòtù lọ síbi yíyan lọ́jọ́ náà. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Tọ́ọ̀ṣì, tí wọ́n jọ máa ń lọ, wà lórí àìsàn. Nígbà tó dé ẹnu géètì, ọmọ ogun kan tí irùngbọ̀n rẹ̀ ò tíì le ló dá a dúró.

"Ọmọ náà ò fi ìwọ̀sí lọ̀ mí o," Dírẹ́bà ní. "Ó tiẹ̀ kí mi dáadáa. Ó wo ìwé ọwọ́ ẹ̀, ó wo àyà mi, ó ní, 'Bàbá, ẹ má bínú, ọ̀kan péré ni ìwé yín mọ̀. Wọ́n ní láti ọdún yìí lọ, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ fi èyí tí kò sí nínú ìwé ẹ̀ wọlé.' Èmi fúnra mi ni mo bọ́ méjì tó kù."

"Ẹ wá yan?"

"Mo yan. Mo yan bí ẹni tí okùn ṣòkòtò ẹ̀ fẹ́ já."

Ọ̀gágun fẹ́ rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín ò wá. Ó mọ ìtàn mẹ́dàlì méjèèjì bó ṣe mọ orúkọ ara rẹ̀. Ọ̀kan wà fún gbogbo ẹni tó dé ojú ogun. Ìkejì wà fún àwọn dírẹ́bà tó kó àwọn tó fara gbọgbẹ́ sọdá odò nírọ̀lẹ́, láìtan iná, kí ọ̀tá má baà rí wọn. Ọ̀gá àgbà fúnra rẹ̀ ló gún un mọ́ Dírẹ́bà láyà létí odò, nígbà tí ẹrẹ̀ ṣì wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Lọ́jọ́ tó wá tọrọ òun lọ́wọ́ bàbá òun, mẹ́dàlì yẹn ló ń dún ṣaworo láyà rẹ̀.

"Ṣé ìwé wọn wá ń purọ́ ni?"

"Ìwé kì í purọ́. Ohun tí wọ́n bá sọ fún un ló ń sọ." Dírẹ́bà bá kọjú sí ògiri. "Fi sílẹ̀, Ọ̀gágun. Mo bẹ̀ ẹ́."

Ẹ wá gbọ́, kí ẹnìkan sọ fún obìnrin yẹn pé kó fi nǹkan sílẹ̀! Lọ́jọ́ kejì, ó ti wé gèlè, ó ti dé ilé iṣẹ́ tí wọ́n ń tọ́jú ìwé àwọn ológun sí.

Yàrá náà kún fún fáìlì dé òrùlé, wọ́n fi okùn dì wọ́n bí ìdì igi. Fáànù kan wà lókè tó ń yí orí bí ẹni tó ń sọ pé rárá, rárá. Akọ̀wé tó wà nídìí tábìlì jẹ́ ọmọbìnrin ẹlẹ́rìn-ín ẹ̀yẹ. Bọ́tìnnì kan sì ń fì dirodiro lápá ẹ̀wù rẹ̀. Ọ̀gágun gbìyànjú kó má wò ó. Kò lè ṣe é. Kí ọmọ náà tó rí fáìlì tó ń wá, abẹ́rẹ́ àti òwú ti jáde láti inú gèlè ìyá.

"Nawọ́, ọmọ mi. Máa ka tìẹ lọ."

Bí ìyá ṣe ń rán bọ́tìnnì, ni ọmọ ń fi ọwọ́ kejì ṣí ìwé.

"Màmá, ìwé ò sọ pé bàbá ò ṣiṣẹ́ o. Ohun tó sọ ni pé nígbà tí ogun wà létí odò, ẹ̀yìn ni wọ́n wà, nínú ọgbà mọ́tò, tí wọ́n ń fọ lọ́rì."

"Ọkọ mi? Tí kì í fọ ife tó fi mu tíì?"

Akọ̀wé rẹ́rìn-ín títí omi fi lé lójú rẹ̀. Nígbà tó parí, ó sọ̀rọ̀ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́. Ó ní àwọn lè tún ìwé ṣe, wọ́n ti tún ti àwọn mìíràn ṣe rí. Ṣùgbọ́n ẹni tí wọ́n jọ wà nínú ọgbà mọ́tò kan náà nígbà náà gbọ́dọ̀ fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ wá, kó sì fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Ọ̀rọ̀ ìyàwó ò tó.

"Tó bá jẹ́ ìyẹn ni, ọ̀rọ̀ ti bùṣe," Ọ̀gágun ní, ó sì fi eyín já òwú. "Tọ́ọ̀ṣì ń bẹ láyé."

Tọ́ọ̀ṣì ni ọ̀rẹ́ Dírẹ́bà. Ọjọ́ kan náà ni wọ́n wọ iṣẹ́ ológun, yàrá kan náà ni wọ́n sùn. Ọkùnrin gbọ̀ọ̀rọ̀ ni, ẹlẹ́yinjú dídán, tó lè rí èèrà lórí aṣọ dúdú láti òdìkejì títì. Lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ ló máa ń wá ta dírááfù lábẹ́ fèrèsé wọn. Àmọ́ bó ti wù kí ayò náà dùn tó, bí oòrùn bá ti ń rẹlẹ̀, Tọ́ọ̀ṣì á dìde. Nígbà tí ìyàwó rẹ̀ wà láyé, wọ́n máa ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ pé ó ń bẹ̀rù kí wọ́n má tìlẹ̀kùn mọ́ ọn síta. Ìyàwó kú, kò jáwọ́. Ọ̀gágun ní àṣà ti mọ́ ọn lára ni.

Ọ̀sẹ̀ yẹn, Ọ̀gágun jẹ́ kí wọ́n ta dírááfù dé àárín, ó wá gbé àga rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn.

"Ọkọ mi Tọ́ọ̀ṣì, ẹ máa bá mi débì kan."

"Ìyàwó wa, ibi tẹ́ ẹ bá ní ká lọ là ń lọ. Ṣé ìgbéyàwó ni?"

Dírẹ́bà wúkọ́. "Ọ̀gágun, lọ wo iná."

"Iná wo? Mi ò dáná." Ó yíjú padà sí àlejò. "Lọ́dún tó kọjá, wọ́n dá ọ̀rẹ́ yín dúró lẹ́nu géètì, ó bọ́ mẹ́dàlì méjì láyà lójú gbogbo ayé. Wọ́n ní ìwé sọ pé nígbà ogun odò, inú ọgbà mọ́tò ló wà, tó ń fọ lọ́rì. Ẹ̀yin lẹ jọ wà níbẹ̀. Ẹ wá sọ òótọ́ fún wọn."

Ọmọ dírááfù kan wà lọ́wọ́ Tọ́ọ̀ṣì. Ó gbé e sókè, kò sọ ọ́ kalẹ̀.

"Ta ni wọ́n ní ó wa lọ́rì náà?"

"Mi ò bèèrè."

Tọ́ọ̀ṣì kọjú sí Dírẹ́bà. "O mọ̀?"

"Ta ayò ẹ."

"O mọ̀! Láti ọdún tó kọjá! O wá ń jókòó síwájú mi lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, ò ń jẹ ọmọ mi tán lórí pátákó, o ò yanu sọ̀rọ̀!"

"Bó o bá mọ̀ ọ́n ta, ta ní máa jẹ ọmọ ẹ?"

Ọ̀gágun dìde. Ó wo ọkọ, ó wo ọ̀rẹ́ ọkọ. "Kí lẹ̀yin méjèèjì jọ dì sábẹ́ aṣọ? Àbí ẹ̀yin lẹ gba ohun tó jẹ́ tọkọ mi, Tọ́ọ̀ṣì?"

"Pa ẹnu mọ́!" Dírẹ́bà ní. Kò sọ ọ́ bẹ́ẹ̀ sí i rí láyé.

"Má pa á lẹ́nu mọ́," Tọ́ọ̀ṣì ní. Ó gbé ọmọ dírááfù náà kalẹ̀ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, kì í tiẹ̀ ṣe ibi tó yẹ ló gbé e sí. "Ìyàwó wa, kí lẹ rò pé wọ́n torí ẹ̀ ń pè mí ní Tọ́ọ̀ṣì?"

"Ẹyinjú yín ni. Ó máa ń dán."

"Ẹyinjú!" Ó rẹ́rìn-ín ẹ̀rín tí kò dénú. "Láti kékeré mi, bí oòrùn bá ti wọ̀, ojú mi á bá a wọ̀. Lọ́sàn-án, mo lè fi òwú bọ abẹ́rẹ́ fún yín. Bí ilẹ̀ bá ti ń ṣú báyìí, mi ò rí nǹkan kan mọ́, bí ìgbà tí wọ́n da àpò bò mí lórí. Tọ́ọ̀ṣì kì í kúrò lápò mi, làwọn sójà bá sọ mí lórúkọ. Wọ́n rò pé ojo ni mí. Ọkọ yín nìkan ló mọ̀. Bí ọ̀gá bá mọ̀, ọjọ́ náà gan-an ni wọ́n á lé mi lọ sílé, bẹ́ẹ̀ ọwọ́ mi ni ìyá mi àti àwọn àbúrò mi ń wò."

Ó nu ojú rẹ̀.

"Ní ọgbà mọ́tò wa, pátákó kan wà lára ògiri. Orúkọ dírẹ́bà ni wọ́n ń kọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ lọ́rì. Akọ̀wé kì í wojú ẹnikẹ́ni, pátákó ló ń wò, ohun tó bá sì rí níbẹ̀ ló ń kọ. Nígbà tí àṣẹ dé pé kí àwọn lọ́rì kan lọ sétí odò, kí wọ́n máa sọdá nírọ̀lẹ́ láìtan iná, lọ́rì tèmi ni wọ́n kọ́kọ́ pè. Mo dúró síbẹ̀ bí igi. Lọ́rẹ̀ẹ́ mi yìí bá na ọwọ́ sí mi, ó ní, 'Mú kọ́kọ́rọ́ wá.' Mo fún un, ó fún mi ní tiẹ̀. Kọ́kọ́rọ́ la pààrọ̀, a ò pààrọ̀ orúkọ. Òun ló lọ. Èmi ni mo jókòó sẹ́yìn tí mò ń fọ lọ́rì. Nígbà tí mo gbọ́ pé ọ̀gá àgbà fọwọ́ ara ẹ̀ fi mẹ́dàlì sí i láyà, inú mi dùn, mo rò pé ìwé náà ti mọ̀. Mi ò mọ̀ pé láti gbogbo ọdún wọ̀nyí, orúkọ mi ló ń jẹ iyì ẹ̀."

"Irin mẹ́dàlì lọ́wọ́ mi, tàdáwà inú ìwé lọ́wọ́ ẹ," Dírẹ́bà ní. "Kí ló burú níbẹ̀?"

"Wọ́n bọ́ ọ láyà lẹ́nu géètì nítorí ojú mi, o ní kí ló burú?"

"Bí mo bá sọ̀rọ̀, wọ́n á ní o tan ológun jẹ. Wọ́n lè ní kí wọ́n gba owó ìfẹ̀yìntì lọ́wọ́ ẹ. Kí lo fẹ́ máa jẹ? Mẹ́dàlì kì í ṣe oúnjẹ."

Ẹ̀ṣẹ̀ tí Ọ̀gágun fi ẹnu dá ń jó o lẹ́nu bí ata. Nígbà tó máa fi gbójú sókè, oòrùn ti wọ̀. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí Tọ́ọ̀ṣì jókòó nílé wọn títí ilẹ̀ fi ṣú. Dírẹ́bà dìde, ó di ọ̀rẹ́ rẹ̀ mú ní ìgbọ̀nwọ́. Àwọn méjèèjì jáde. Ọ̀gágun dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń gbọ́ ohùn ọkọ rẹ̀ tó ń lọ sísàlẹ̀ títì: "Gọ́tà. Gbé ẹsẹ̀. Òkúta. Ó ti tán." Ó wá rántí gbogbo ìgbà tí ayò bá pẹ́ díẹ̀, tí Dírẹ́bà á ní òun fẹ́ sin ọ̀rẹ́ òun dé ìkóríta, kí òun lè na ẹsẹ̀. Gbogbo ìgbà yẹn, òun a máa kígbe tẹ̀lé e pé ọ̀rọ̀ àwọn ọkùnrin kì í tán. Ó fi etí gèlè nu ojú rẹ̀.

Dírẹ́bà kọ̀ láti lọ sí ilé iṣẹ́ náà. Ìyàwó bẹ̀ ẹ́, ó kọ̀. Tọ́ọ̀ṣì wá láàárọ̀, ó dúró lójú ọ̀nà, kò wọlé.

"Bó ò bá lọ, mi ò ní bá ẹ ta dírááfù mọ́ láyé."

Dírẹ́bà wá bàtà rẹ̀.

Akọ̀wé gbọ́ ọ̀rọ̀ Tọ́ọ̀ṣì látòkè délẹ̀, ó sì dìde lọ pe ọ̀gá rẹ̀. Wọ́n dúró dè é. Dírẹ́bà gbé ọwọ́ lé orúnkún Tọ́ọ̀ṣì bí ìgbà tí èèyàn ń di ìlẹ̀kùn mọ́tò tí kò tì dáadáa mú. Ọ̀gágun jókòó láàárín fáìlì àti fáìlì. Àdúrà tó ń gbà nínú kì í ṣe ti mẹ́dàlì mọ́: ó ń bẹ Ọlọ́run pé kí òun má ti fi ọwọ́ ara òun ba ọjọ́ alẹ́ Tọ́ọ̀ṣì jẹ́.

Ọ̀gá náà jáde wá, ọkùnrin sísanra, onímú ńlá, tó wọ ẹ̀wù funfun.

"Bàbá, mo ti gbọ́. Àmọ́ ẹni tó fẹ́ràn ọ̀rẹ́ ẹ̀ lè wá purọ́ nítorí ẹ̀. Báwo ni mo ṣe máa mọ̀ pé òótọ́ ni?"

"Ẹ pa iná," Tọ́ọ̀ṣì ní. "Ẹ fa aṣọ fèrèsé yẹn bò ó."

Wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀. Yàrá ò ṣókùnkùn tán. Ó kàn dúdú díẹ̀ ni, bí ìgbà tí oòrùn bá ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ̀. Gbogbo wọn ń rí ara wọn. Ọ̀gá na bírò sí iwájú Tọ́ọ̀ṣì.

"Bàbá, ẹ gba bírò yìí lọ́wọ́ mi."

Tọ́ọ̀ṣì na ọwọ́. Ọwọ́ náà kọjá bírò, ó gba òfìfo lọ, ó ń táràrà, ó sì di nǹkan kan mú gbọin. Imú ọ̀gá ni.

Tọ́ọ̀ṣì fọwọ́ tẹ̀ ẹ́ wò.

"Bírò yìí mà sanra o," Tọ́ọ̀ṣì ní.

Akọ̀wé ló kọ́kọ́ bú sẹ́rìn-ín. Ọ̀gágun tẹ̀lé e. Ọ̀gá náà, tí imú rẹ̀ ṣì wà nínú àhámọ́, bẹ̀rẹ̀ sí í fi imú rẹ́rìn-ín bí fèrè. Nígbà tí wọ́n tan iná tán, ó nu ojú, ó ní, "Ẹni tó wa lọ́rì sọdá odò láìtan iná, kò lè jẹ́ ẹni tó di imú mi mú yìí."

"Owó ìfẹ̀yìntì ẹ̀ ńkọ́?" Dírẹ́bà bèèrè. Ọ̀rọ̀ tó kọ́kọ́ sọ láti ìgbà tí wọ́n ti dé nìyẹn.

"Wọ́n sin ìlú títí wọ́n fi darúgbó. Kò sẹ́ni tó máa fọwọ́ kan án. Mẹ́dàlì méjì tó wà lórúkọ wọn ló máa lọ síbi tó yẹ kó lọ."

"Ẹ máa gbé e lọ," Tọ́ọ̀ṣì ní. "Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi kọ ọ́ sí tèmi pé mo fọ lọ́rì. Mo fọ̀ wọ́n mọ́ tónítóní."

"Irọ́ ni," Dírẹ́bà ní. "Ẹrẹ̀ máa ń wà lábẹ́ táyà."

"Ta ló bi ẹ́?"

Akọ̀wé kọ ọ́ bí Tọ́ọ̀ṣì ṣe fẹ́. Ọ̀gágun rí i tó ń kọ ọ́.

Nígbà tí ọjọ́ yíyan pé, áyọ́ọ̀nù gbóná. Ọ̀gágun tẹ kóòtù náà, ó da agolo mílíìkì sórí tábìlì, ó ṣa mẹ́dàlì méjì láàárín bọ́tìnnì. Ó gbé ọ̀kọ̀ọ̀kan lé orí àpá tirẹ̀. Kò sí ibì kan tó yọ síta.

"Rọra o," Dírẹ́bà ní lẹ́yìn rẹ̀. "Má gún mi láyà."

"Ẹ dúró jẹ́ẹ́. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti wọ odò."

Ọmọ ogun ọdún tó kọjá ló tún wà lẹ́nu géètì. Irùngbọ̀n rẹ̀ ti le díẹ̀. Ó wo ìwé, ó wo àyà, ó tún wo ìwé, ojú rẹ̀ sì là.

"Bàbá, wọ́n ti pé!"

"Tún un kà," Dírẹ́bà ní. "Má kánjú."

Ọ̀gágun dúró lẹ́yìn ọgbà pẹ̀lú àwọn ẹbí yòókù. Ó rí àwọn ọ̀rẹ́ méjì náà tí wọ́n ń yan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Ojú Dírẹ́bà ti ń ṣe bàìbàì lójú oòrùn lẹ́nu ọjọ́ mẹ́ta yìí, àmọ́ ọ̀sán gangan ni, ìgbà tí ojú Tọ́ọ̀ṣì dá ṣáká. Bí wọ́n ti kọjá níwájú rẹ̀, ó gbọ́ tí Tọ́ọ̀ṣì ń sọ ọ́ lábẹ́ ètè: "Kòtò. Yà sósì. Ó ti tán." Mẹ́dàlì mẹ́ta ń dún ṣaworo láyà Dírẹ́bà, bí ó ṣe dún níwájú bàbá Ọ̀gágun lọ́jọ́ tó wá tọrọ rẹ̀.

Yíyan parí, ọ̀rọ̀ ò parí. Àwọn arúgbó ológun kó ara wọn jọ sábẹ́ igi, wọ́n ń ja gbogbo ogun náà lẹ́ẹ̀kan sí i, oòrùn sì ń rẹlẹ̀ lọ lórí wọn. Tọ́ọ̀ṣì bẹ̀rẹ̀ sí í wò ká, ó fẹ́ dìde. Ọ̀gágun na ọwọ́ sínú báàgì rẹ̀, ó fa tọ́ọ̀ṣì ńlá kan jáde, ó gbé e lé e nítan.

"Ẹ jókòó, ọkọ mi. Kò sẹ́ni tó ń lé yín. Bí ẹ bá ṣe tán, apá mi lẹ máa dì mú délé."

"Apá o," Dírẹ́bà ní. "Ọ̀gágun, dákun, gbé imú jìnnà sí i."